Bí A Ṣe Nu Agbo Ìràwọ̀ Nù ní Ìkìrun

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, òfin kan ṣoṣo ni mo fi de ara mi: n kì í kọ́ ọmọ ní ohun tí n kò lè fi hàn án. Bí ẹ̀kọ́ bá kan ẹ̀dọ̀fóró, mo ti lọ bá alápatà láàárọ̀ kí n tó dé kíláàsì. Bí ó bá kan gbòǹgbò, a ó jáde lọ hú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá kan kìnnìún, kí n jọ̀ọ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kìnnìún kò sí nínú ìwé kíláàsì kẹta.

Ṣùgbọ́n agbo ìràwọ̀ wà níbẹ̀. Orí tó gbẹ̀yìn nínú ìwé sáyẹ́ǹsì wa ni. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé oòrùn wa yìí jẹ́ ọ̀kan péré nínú àìmọye ìràwọ̀ tó kó ara wọn jọ bí agbo, àti pé irú agbo bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́nà jíjìn réré. Ó ya àwòrán ọ̀kan nínú wọn. Ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín: àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, apá rẹ̀ ń lọ́ yí i ká, ìmọ́lẹ̀ apá náà sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn kò fi ní mọ ibi tó parí sí.

Ọdún tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Inísà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí oṣù kọkànlá bẹ̀rẹ̀, a ti dé orí tó gbẹ̀yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ní kí àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí jáde wá sí pápá ilé-ẹ̀kọ́, mo sì na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn agbo náà lápá àríwá. Ojú lásán rí i, bí èèyàn bá mọ ibi tó máa wò: àbàwọ́n kékeré kan ni mo ní kí wọ́n wá, bí ìgbà tí ẹnì kan mí sí ojú dígí.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó létí fèrèsé nawọ́ sókè.

"Sà, èémí yẹn náà ni gbogbo rẹ̀?"

"Rárá. Àárín rẹ̀ nìkan lojú wa ká. Apá rẹ̀ jáde lọ jìnnà lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò tó ohun tí ojú lè rí."

"Ẹ̀yin ti rí i rí, sà?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Wọ́n mọ òfin mi. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

"N kò tíì rí i."

"Ta ló wá sọ pé ó wà níbẹ̀?"

"Ìwé."

Ẹnì kan ní ìlà ẹ̀yìn ní "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀n!" bí ẹni tó mú olè lórí ebè. Mo pa ìwé náà dé. Mo sọ fún wọn pé kí orí yẹn dúró ná. Bí mo bá fi ojú ara mi rí apá agbo ìràwọ̀ náà kí sáà tó parí, n ó kọ́ wọn. Bí n kò bá rí i, a ó fò ó, èmi fúnra mi ni n ó sì lọ sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé mo fò ó. N kò fo orí ìwé kankan rí láti ọjọ́ tí mo ti mú ṣọ́ọ̀kì.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí sáà parí, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í dúró de sáà. Bí eruku rẹ̀ bá ti dé, ojú ọ̀run a dà bí omi ìfọṣọ. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ní, bóyá mẹ́ta.

Ohun tí mo rò nìyí. Ojú èèyàn kì í tọ́jú ìmọ́lẹ̀ pamọ́. Ohun tí kò bá rí lẹ́ẹ̀kan, bó tẹjú mọ́ ọn di àárọ̀ kò ní rí i. Fíìmù kámẹ́rà yàtọ̀. Bí a bá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ tíntìntín yóò máa kó jọ sórí rẹ̀ bí omi tó ń kán sínú ìkòkò. Mo ní kámẹ́rà. Mo ní fíìmù kan, dúdú àti funfun, irú èyí tó yára gba ìmọ́lẹ̀. Ojú kámẹ́rà mi, dígí iwájú rẹ̀ tó ń fa ohun jíjìn sún mọ́ni, ni kò gùn tó.

Èyí ló gbé mi dé Ìkìrun, lọ́dọ̀ bàbá onífọ́tò kan tó gbayì ní gbogbo agbègbè wa. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Bó bá ti tẹ fọ́tò tán, á rì í bọ inú yíǹkì, á sì máa fi tọ́ ojú fọ́tò náà sọ́nà, ààmì kọ̀ọ̀kan, títí ojú náà yóò fi dán. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé ojú irorẹ́ wọ ilé rẹ̀ yóò gbé ojú ọmọ tuntun jáde. Ọkùnrin ará Ìbà kan tiẹ̀ bá a jà nítorí pé ó ti nu ilà ojú òun nù mọ́ irorẹ́. Ìyá ọkùnrin náà ló gba fọ́tò, tó ní òun kò bí eléyìí.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o," ni bàbá náà wí. "Ṣé fúúlù láti orí dé ẹsẹ̀ ni àbí háàfù?"

"N kò wá ya ara mi, Bàbá. Ojú kámẹ́rà gígùn yẹn ni mo wá yá, èyí tí ẹ fi ń ya ìyàwó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ta lẹ fẹ́ fi yà?"

"Agbo ìràwọ̀."

Ó fa ìwé oníbàárà rẹ̀ yọ. "Àwọn mélòó?"

"Wọn kò níye."

"Gúrúùpù nìyẹn," ó wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ga dúró lẹ́yìn o."

"Bàbá, kì í ṣe èèyàn. Kò sí ẹni tó lè sọ nǹkan kan fún wọn."

"Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà! Ẹ kàn ní kí wọ́n má mira ni."

Ó gbé ojú kámẹ́rà náà fún mi, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ wé e, ó sì gbàdúrà fún mi pé kí ayẹyẹ náà lọ ní ìrọ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ mímira tó sọ yẹn gan-an ni ìṣòro, nítorí pé ìràwọ̀ ń rìn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe yẹ: ayé ló ń yí, ó kàn dà lójú wa bí ẹni pé ìràwọ̀ ló ń rìn ni. Bí kámẹ́rà bá dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fà tẹẹrẹ bí ìlà. Ohun tó lè wo èyí sàn kò le. A ó fi ínjìsì ilẹ̀kùn so pákó pẹlẹbẹ méjì pọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. A ó ki bóòtù gígùn kan bọ pákó ìsàlẹ̀. Bí a bá ń yí bóòtù náà díẹ̀díẹ̀, yóò máa ti pákó òkè, pákó òkè yóò sì máa ṣí ní ìwọ̀n tí ayé fi ń yí. A ó gbé kámẹ́rà lé pákó òkè.

Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, mo kọ ìwọ̀n sí i, mo sì gbé e lọ fún káfíńtà kan ní Òkukù tí iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ó wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kò sí ìṣòro. Nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́ Sátidé, ohun tó gbé jáde fún mi ni ilẹ̀kùn kékeré kan. Ó ga dé orúnkún mi. Ó ní férémù. Ó ti fi fáníìṣì kùn ún títí ó fi ń dán. Ó ní ọwọ́ tí a ó fi ṣí i, ó sì ní ibi tí a ó fi àgádágodo sí.

"Ẹ̀gbọ́n, pákó méjì àti ínjìsì ni mo ní kí ẹ ṣe."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ínjìsì tí kò ní ilẹ̀kùn, ẹ̀tàn ni, tíṣà. Mi ò lè fún yín ní iṣẹ́ àbọ̀."

"Àgádágodo wá ńkọ́?"

"Ẹ lè fẹ́ tì í."

"Kí ni n ó tì mọ́ inú rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi kì í bi oníbàárà léèrè ohun tó wà nínú ilé rẹ̀."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ínjìsì rẹ̀ gún régé, bóòtù rẹ̀ ń yí láìhá. Bí mo bá tẹ́ férémù náà sílẹ̀, òun ni yóò di pákó ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn á sì di pákó òkè. Kò sí àkókò láti ṣe òmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ilẹ̀kùn mi lọ sílé.

Àpáta kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Òkukù tí kò jìnnà sí ilé mi, ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ilẹ̀kùn kì í rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹni gbogbo ló ní ohun tó fẹ́ mọ̀.

"Tíṣà, ilẹ̀kùn rèé, ilé dà?"

Ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Ẹ kú ìnáwó ilé tuntun o! Ilé á tura o!"

"Kì í ṣe ilé, mà. Kámẹ́rà ni n ó gbé lé e lórí."

"Áà. Ẹ kú ìnáwó kámẹ́rà. Kámẹ́rà á tura."

Ní gbogbo àkókò yìí, iná mànàmáná ti lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ìlú ń kùn. Èmi nìkan ni inú mi ń dùn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ iná máa ń bo ojú ọ̀run mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi rí i lójú mi. "Dádì," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ pé ẹ̀ ń dúpẹ́ pé iná ò sí." Mo ṣọ́ra. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi pé kí iná dé, n kò ṣe Àmín. N kò sì gbàdúrà pé kó má dé. Mo kàn ń wo pátákó orin.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, mo gbé ilẹ̀kùn náà kalẹ̀ sórí àpáta, mo kọ ínjìsì rẹ̀ sí àríwá, mo de kámẹ́rà mọ́ ọn, mo sì kúnlẹ̀ tì í. Mo ní láti yí bóòtù díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá pé. N kò lè máa tan tọ́ọ̀ṣì wo aago, nítorí náà mo ń kà á sókè. Mo ṣí ojú kámẹ́rà. "Ení, èjì, ẹ̀ta..."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Àwọn kan láti ìjọ àdúrà kan ní Inísà ni, bí ogún, tí wọ́n máa ń gun àpáta náà wá gbàdúrà. Ohun tí wọ́n bá níwájú wọn ni ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí kò ní ilé, tó ń ka iye.

Aṣáájú wọn sún mọ́ mi. "Bọ̀dá, ẹ kú alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn wo nìyí?"

N kò lè dáhùn. Bí mo bá pàdánù iye náà, àwòrán ti bàjẹ́. "Ẹ̀sán, ẹ̀wá, oókànlá..."

Ó dúró, ó gbọ́. Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, "Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì yín." Wọ́n pa á. Bí mo ṣe yí bóòtù tí mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, ohùn kan ti ń bá mi kà. Nígbà tí mo dé mẹ́fà, gbogbo wọn ló ń kà á, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí i. Nígbà tí a dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ké "Àmín!" Mo yí bóòtù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé iye tí èèyàn bí ogún bá jọ kà kì í yẹ̀ bí iye ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ti ojú kámẹ́rà tán, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́: agbo ìràwọ̀, ínjìsì, bóòtù, àti pé kò sí àdúrà kankan nínú ohun tí mo ń ṣe. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

"A gbọ́ yín, bọ̀dá," ni aṣáájú wọn wí. "Aago mélòó lọ́la?"

Alẹ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Ní alẹ́ kẹta, nígbà tí a ń kà fún àwòrán kẹsàn-án lọ́wọ́, iná dé. Gbogbo Inísà pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, "Iná ti dé o!" Àwọn alábàákà mi fò sókè, wọ́n ń yin Olúwa, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé láti lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Mo fi ọwọ́ bo ojú kámẹ́rà. Lọ́jọ́ kejì eruku ọyẹ́ dé, n kò sì rí ìràwọ̀ kankan lápá àríwá mọ́ títí sáà fi parí. Bí apá agbo náà kò bá sí nínú àwọn àwòrán mẹ́jọ yẹn, ó di kí n lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Mo gbé fíìmù náà lọ sí Ìkìrun. Mo sọ fún bàbá onífọ́tò pé kó fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sì kọ́kọ́ tẹ èyí tó bá jáde jù nínú mẹ́jọ náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá wà lórí rẹ̀. Ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì náà, ìyá ìyàwó kan jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró de fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ọkùnrin kan sì wá ya fọ́tò pélébé fún ìwé iṣẹ́. Bàbá rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò ìwé kan fún mi bí ẹni ń gbé obì fún àlejò.

Mo fa fọ́tò náà yọ. Ó dúdú. Kì í ṣe pé ó ṣókùnkùn. Dúdú ni, láti etí dé etí, ó ń dán bí ẹ̀yìn kòkòrò, ó ní etí funfun yí ká. Mo yí i padà. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, kí nìyí?"

"Fọ́tò yín ni."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ní báyìí, kò sí!" Ó fa àga sún mọ́ mi. "Ẹ ò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tíṣà. Ìdọ̀tí! Funfun wínníwínní bí ẹni da gààrí sí i. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í. Ọ̀kan ńlá tiẹ̀ wà láàárín tó tó èékánná mi yìí, òun ló yọ mí lẹ́nu jù. Ẹ fi ọwọ́ pa á. Ẹ ò lè mọ ibi tó wà mọ́."

Mo fi ọwọ́ pa á. Òótọ́ ni, n kò mọ ibi tó wà.

"Bàbá, ìdọ̀tí yẹn ni mo lọ yà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ yá ojú kámẹ́rà mi, ẹ lọ ya ìdọ̀tí?"

Ìyá ìyàwó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Ó mọ́ lóòótọ́," ó wí. Ọkùnrin tó wá ya fọ́tò pélébé na ọrùn. "Òru ni," ó ní. "Òru Inísà nìyẹn. Ó jọ ọ́."

Mo jókòó. Mo rí ara mi níwájú tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo rí ọmọbìnrin etí fèrèsé. Mo wá ronú kan ohun kan. "Bàbá, orí pépà lẹ ti ṣiṣẹ́ yìí. Fíìmù gan-an ńkọ́? Ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án?"

"Rárá o. Ọ̀la ni mo fẹ́ fi abẹ fá ìdọ̀tí tirẹ̀ kúrò, kó má baà yọ yín lẹ́nu bí ẹ bá fẹ́ tẹ òmíràn."

Mo dìde dúró. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un tẹ̀, kó má sì fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ó mi orí. Ó ní fọ́tò tó dọ̀tí kì í jáde nínú ilé òun, pé àwọn èèyàn yóò ní ojú òun ti ń fọ́. Mo ṣàlàyé títí, mo lo ṣọ́ọ̀kì lára ògiri rẹ̀, kò gbà. Ọkùnrin ará Ìbà ni mo rántí níkẹyìn.

"Bàbá, ẹni tí ẹ nu ilà ojú rẹ̀ nù ńkọ́, ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún.

"Ilà ojú ọ̀run ni ẹ nu nù yìí," mo wí. "Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

Ó wo fọ́tò dúdú náà, ó wo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi pé ilà ni," ó wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn tó ti ń tẹ fọ́tò.

Gílóòbù pupa kékeré kan ló wà níbẹ̀. Iná tí n kò ṣe Àmín sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tàn án. Bàbá tan ìmọ́lẹ̀ gba inú fíìmù kọjá sórí pépà, ó sì ti pépà náà bọ inú abọ́ kẹ́míkà. Díẹ̀díẹ̀ ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ìràwọ̀ sì kù níbẹ̀ ní funfun. Àárín agbo náà hàn kedere. Ó jọ pé nǹkan kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eérú lórí eérú.

"Ẹ yọ ọ́, Bàbá."

"Kò tíì jinná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ báyìí."

"Dúdú rẹ̀ kò tíì dúdú, tíṣà. Ṣé ẹran tútù lẹ fẹ́ jẹ?"

Nígbà tó fi yọ ọ́, òkùnkùn ti gbé eérú náà mì. Ohun tó kù ni àbàwọ́n kékeré tí ojú lásán máa ń rí. N kò nílò ilẹ̀kùn àti Àmín láti rí ìyẹn.

Mo ronú díẹ̀. Mo bi í bóyá ó ṣeé ṣe láti gbé fíìmù méjì lé ara wọn, kí ìràwọ̀ ọ̀kan bọ́ sórí ìràwọ̀ èkejì gẹ́lẹ́, kí ohun tó ṣe bàìbàì nínú ọ̀kan lè di ìlọ́po.

"Bíi ti ìbejì?" ó bi mí. Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn, àwọn òbí a máa gbé èyí tó kù wá. Bàbá yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kò sì ní sí ẹni tó máa rí ojú ìsopọ̀.

"Bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Orí ara wọn."

"Ẹnì kan ṣoṣo, lórí ara rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní òun kò ṣe irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń wá dígí tí ó fi ń mú nǹkan tóbi. Ó gé fíìmù méjì, ó gbé wọn lé ara wọn, ó sì ń fi orí búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta náà sún wọn. Ó ń bá àwọn ìràwọ̀ wí lábẹ́lẹ̀. "Ìwọ, sún. Mo ní kó o má mira." Ọwọ́ mi kò lè ṣe é láéláé. Nígbà tí gbogbo wọn bá ara wọn mu, ó mú pépà líle kan wá, irú èyí tó fi ń tún fọ́tò àwọn òkú tó ti ṣá tẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ó tan ìmọ́lẹ̀, ó ti pépà náà bọ inú abọ́.

Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Àárín agbo kù síbẹ̀, funfun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eérú kan kọ̀ tí kò dúdú. Ó fà lọ sí apá òsì, ó fà lọ sí apá ọ̀tún, ó tẹ̀ díẹ̀ bí fìlà, ó gùn ju àárín náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, bóyá mẹ́rin.

"Ẹ yọ ọ́!"

"Kò tíì..."

Mo ki ọwọ́ bọ inú abọ́ náà. N kò dá irú àṣà bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé ẹlòmíràn, n kò sì tún dá a mọ́. Mo fa pépà náà jáde, kẹ́míkà ń kán sí mi lára ṣòkòtò, mo sì jù ú sínú abọ́ kejì tó ń dá dúdú dúró. Bàbá kígbe, "Tíṣà! Ìbàjẹ́ nìyẹn!" Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú láti wo ìbàjẹ́ náà. Àwa méjèèjì wò ó pẹ́ títí lábẹ́ gílóòbù pupa yẹn.

"Hàà," ó wí. "Ìdọ̀tí yìí ní apá."

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò gbẹ́kẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Kẹ́míkà náà máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú fíìmù méjì mìíràn, alẹ́ mìíràn, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é, ó sì fúnra rẹ̀ yọ ọ́ ní tútù lọ́tẹ̀ yìí, ó ń mí kanlẹ̀. Apá náà wà níbẹ̀, ó gùn bákan náà, ó tẹ̀ bákan náà. Àbàwọ́n kẹ́míkà kì í já sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí i.

"Ṣùgbọ́n ó wọ́," ni bàbá wí bó ṣe ń sá wọn sórí okùn. "Nígbà mìíràn, ẹ ní kí wọ́n dúró ṣánṣán."

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, lẹ́yìn àkókò oúnjẹ, mo gbé fọ́tò kan nínú méjèèjì wọ kíláàsì, mo sì fi èkejì sínú ìwé mi. Mo sọ fún wọn ohun tí wọ́n máa rí àti bí a ṣe yà á, títí kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà. Mo fún ọmọbìnrin etí fèrèsé kọ́kọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú.

"Ó kéré, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣùgbọ́n ó jáde lọ lóòótọ́." Ó fi ìka tẹ̀lé apá náà lókè láìfọwọ́ kàn án. "Ó jáde lọ gan-an ni."

Ó gbé e fún ẹni tó kàn. Fọ́tò náà lọ láti ìlà dé ìlà. Nígbà tó fi dé ẹ̀yìn, ariwo ti ta. Àwọn kan ní apá agbo ìràwọ̀ náà mẹ́ta ni, pé ọ̀kan ńlá kan wà nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún, tó tún mọ́lẹ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ.

"Irọ́ ni! Méjì ni mo rí!"

"Ojú ẹ ti fọ́. Wo eléyìí!"

Mo gba fọ́tò náà. Ipa àtàǹpàkò elépo ni, ó tóbi, ó ń dán, ó jókòó sí etí agbo ìràwọ̀ bí ẹni tí wọ́n pè. Mo fa fọ́tò kejì yọ nínú ìwé, mo fún ọmọbìnrin náà láìsọ ohun tí mo rí. Ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì rẹ̀. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó wo ti òsì, ó wo ti ọ̀tún, ó tún wo ti òsì.

"Apá méjì yìí wà nínú méjèèjì, sà. Ẹ̀kẹta kò sí nínú ìkejì." Ó gbóòórùn fọ́tò àkọ́kọ́. "Àkàrà ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n padà síbi ìjókòó wọn. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ àkọlé orí tó gbẹ̀yìn sí ojú pátákó, mo sì ní kí ẹni tó jẹ àkàrà náà jáde lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, kó tètè padà wá, nítorí pé n kò ní tún un kọ́.